Gravity Falls àti Àwọn Tí Ń Wò Ó

Kò sí ẹni tí í dá jókòó ní òun nìkan kí ó máa pa àlọ́ fún ara rẹ̀. Ibi tí apàlọ́ bá wà, ibẹ̀ ni àwọn tí ń gbè é wà pẹ̀lú. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sì dáhùn, àlọ́ náà a tẹ́. Gbogbo wa ni a mọ èyí láti ìgbà èwe. Síbẹ̀, nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà kan, iṣẹ́ náà nìkan ni a sábà máa ń gbé yẹ̀wò. A kì í bèèrè ohun tí àwọn tí ó gbọ́ ọ tàbí tí ó wò ó fi ṣe. Nínú àròkọ yìí a fẹ́ mú iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa bí kò bá ka ìṣe àwọn òǹwòran mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà ni Gravity Falls, eré àwòrán ẹlẹ́fẹ̀ tí ó kún fún àṣírí àti ìwádìí, tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alex Hirsch dá sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Disney.

Eré yìí bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ọdún 2012, ó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ọdún 2016. Apá 40 ni gbogbo rẹ̀, tí a pín sí ọ̀wọ́ méjì. Ìbejì ọlọ́dún 12 ni olórí eré: Dipper tí í ṣe ọkùnrin, àti Mabel tí í ṣe obìnrin. Àwọn òbí wọn rán wọn láti Piedmont ní ìpínlẹ̀ California lọ lo ìsinmi ìgbà ooru lọ́dọ̀ Stan, ọmọ ìyá bàbá wọn àgbà, ní ìlú kékeré kan láàárín igbó Oregon. Bàbá yìí sọ ilé rẹ̀ di ibi ìran. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò láti fi àwọn ohun ìyanu tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ni pé, bí ó ti ń fi iwin àtọwọ́dá tan ènìyàn jẹ, iwin tòótọ́ kún igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nínú igbó yìí ni Dipper ti rí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó ń ròyìn gbogbo abàmì tí ó wà ní àgbègbè náà. A ya ọwọ́ oníka mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìwé náà, a sì kọ 3 sí àárín ọwọ́ náà. Ta ni Olúgbódi tí ó kọ ọ́? Níbo ni 1 àti 2 wà? Kí ni ó sì dé tí ìwé náà fi já láàárín, tí ẹni tí ó kọ ọ́ ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó gbé eré náà ró fún ọdún mẹ́ta.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àrokò tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ sọ àwọn òǹwòran di alábàáṣe. Ní òpin apá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kọjá tán, àwọn lẹ́tà kan tí kò ní ìtumọ̀ a máa fara hàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ní òpin orin ìbẹ̀rẹ̀, ohùn kan a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan yí ohùn yìí padà sẹ́yìn, wọ́n sì gbọ́ pé ó ń wí pé kí a padà sẹ́yìn ní lẹ́tà mẹ́ta. Nítorí náà D dúró fún A, E fún B, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn òǹwòran ti mọ èyí tán, lẹ́yìn apá mẹ́fà, a yí i padà: A di Z, B di Y. Lẹ́yìn náà a fi iye rọ́pò lẹ́tà. Nígbà tí ó di ọ̀wọ́ kejì, àrokò náà kò ṣeé tú mọ́ bí kò ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sí ibì kan nínú apá náà gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti tún apá náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ojú rẹ̀ sì là. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn àrokò wọ̀nyí kì í sábà sọ ohun ńlá. Èyí àkọ́kọ́ kàn ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí ìlú náà ni. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù jẹ́ àwàdà. Èrè wọn kò sí nínú ohun tí wọ́n sọ bí kò ṣe nínú ohun tí wọ́n kọ́ ojú ènìyàn. Ọmọdé tí ó ti wá ọ̀rọ̀ kan kiri nínú àwòrán fún wákàtí kan kò tún ní wo ohunkóhun nínú eré náà ní ìwòkúwò mọ́. Yóò rí i pé ní òpin apá kìíní gan-an, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, Stan tẹ àwọn iye kan lára ẹ̀rọ tí ń ta ìpápánu, ẹ̀rọ náà ṣí bí ìlẹ̀kùn, bàbá náà sì wọlé lọ. Yóò rí i pé, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà ṣàwárí yàrá kan tí a ti sé mọ́ inú ilé, Stan mú awò ojú kan níbẹ̀, ó sì yára fi í pamọ́. Awò ojú ta ni? Ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń gbé, èé ṣe tí ó fi ní yàrá tí a sé?

Láti inú irú àwọn nǹkan kékeré báyìí ni àwọn òǹwòran ti fa òpin yọ. Kí a tó fi í hàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wí pé Stan ní ìkejì, pé ìkejì náà ni Olúgbódi tí ó kọ ìwé, àti pé nítorí rẹ̀ ni bàbá náà ṣe ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lóru. Ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀ gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ní ọdún 2013 ó dá ọgbọ́n kan: ó ṣe àwòrán èké kan bí ẹni pé a jí i yọ láti inú ibi iṣẹ́ rẹ̀, nínú èyí tí àgbàlagbà oníwèrè ìlú náà, McGucket, jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé, ó díbọ́n pé inú bí òun, ó sì yára mú ọ̀rọ̀ ìbínú rẹ̀ kúrò kí ó lè dà bí òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni ó tó jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí ó fi hàn pé apàlọ́ yìí ń tẹ́tí sí àwọn agbè rẹ̀, ó sì ń bá wọn ta ayò.

Níhìn-ín ni ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù dìde. Bí àwọn tí ń wò bá ti mọ òpin ìtàn kí oníṣẹ́ tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà ha ti bàjẹ́ bí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní adùn ìtàn ìwádìí kò ju ìyàlẹ́nu lọ, àti pé nígbà tí ìyàlẹ́nu bá ti lọ, ìyàngbò ni ó kù. Àwa kò fara mọ́ ọn, a ó sì mú ẹ̀rí wa láti inú apá tí a fi hàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọdún 2015, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Not What He Seems.

Nínú apá yìí àwọn ọmọ náà rí i pé bàbá wọn ti ń purọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ó ń jẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kan sọ pé Stan Pines ti kú. Ẹ̀rọ ńlá kan sì wà lábẹ́ ilé tí ó lè pa ayé run. Wọ́n sáré lọ síbẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tí a fi lè pa ẹ̀rọ náà. Mabel ni ó súnmọ́ ọn. Ohun gbogbo ti ń fò lókè nítorí agbára ẹ̀rọ náà, ìṣẹ́jú àáyá ń lọ. Dipper ń kígbe pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Stan ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe tẹ̀ ẹ́, pé nítorí ẹbí yìí ni òun ṣe ṣe gbogbo ohun tí òun ṣe. Mabel wo ojú bàbá náà, ó ní òun gbà á gbọ́, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ẹni tí ó ti mọ̀ pé ìkejì Stan ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ náà pàdánù níbi yìí? Kò pàdánù nǹkan kan. Ó mọ ẹni tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ọmọbìnrin náà yóò ṣe. Bí ó bá tilẹ̀ mọ ìyẹn pẹ̀lú, kò mọ bí òun ìbá ti ṣe bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ó wà lórí bọ́tìnì. Àṣírí jẹ́ ti orí. Yíyàn jẹ́ ti ọkàn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ti fa òpin yọ ní ọdún méjì ṣáájú fi di èémí wọn mú bíi ti àwọn tí kò mọ̀ rárá. Oṣù mẹ́rin kọjá kí apá tí ó tẹ̀lé e tó jáde, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún kan náà, nínú gbogbo oṣù wọ̀nyí ni àwọn òǹwòran sì ń jiyàn, kì í ṣe lórí ẹni tí ó jáde wá, bí kò ṣe lórí bóyá Mabel ṣe ohun tí ó tọ́. Iṣẹ́ tí ó bá lè mú kí ènìyàn kúrò lórí “ta ni?” lọ sórí “ó ha tọ́ bí?” ti kúrò ní iṣẹ́ àwàdà lásán.

Apá tí a ń retí náà, A Tale of Two Stans, sọ ìtàn àwọn àgbà ìbejì náà. Stanley àti Stanford dàgbà pọ̀ ní etí òkun New Jersey, wọ́n ń tún ọkọ̀ kan ṣe tí wọ́n fẹ́ fi rìn káàkiri ayé. Stanford ní ọgbọ́n ìwé. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ìbá mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nínú ìbínú Stanley lu tábìlì, ẹ̀rọ náà sì bàjẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà kọ Stanford. Bàbá wọn sì lé Stanley jáde lóru, ó ní kò gbọdọ̀ padà títí yóò fi ní owó tí ó tó èyí tí ó mú kí ẹbí pàdánù. Bàbá náà fi ọ̀tún àti òsì na ọmọ. Kò fi ọ̀kankan fà á mọ́ra. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìjà mìíràn sọ Stanford sínú ayé mìíràn fún 30 ọdún, Stanley sì gba orúkọ rẹ̀, ó gbé inú ilé rẹ̀, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní òun nìkan kí ó lè fà á padà. Kò sí òǹwòran kan tí ó fa ìyẹn yọ láti inú àrokò. Wọ́n ti mọ̀ pé arákùnrin kan wà. Wọn kò mọ ohun tí ó ná ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ ìbejì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìbejì ni Hirsch fúnra rẹ̀, láti ara arábìnrin rẹ̀ ni ó sì ti mú ìwà Mabel. Mabel ni a kọ́ bí. Nítorí náà òun ni àwọn tirẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ní ìlànà tiwa òun ni Táyé, tí a rán ṣáájú láti tọ́ ayé wò, Dipper sì ni Kẹ́hìndé, àgbà tí ó fara balẹ̀ dúró. Ìwà àwọn ọmọ méjèèjì bá èyí mu lọ́nà ìyanu: ọ̀kan ń sáré wọ inú ohun gbogbo pẹ̀lú ẹ̀rín, èkejì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Lórí Táyé yìí ni àríyànjiyàn tí ó gbóná jù lọ láàárín àwọn òǹwòran ti wáyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, nínú apá tí ó ṣáájú òpin, Mabel gbọ́ pé Dipper ti gbà láti dúró lọ́dọ̀ Stanford gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, kí òun nìkan sì padà sílé. Ó sá wọ inú igbó pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọ̀tá wọn, Bill, wá bá a ní àwọ̀ ẹlòmíràn, ó ní òun lè mú kí ìgbà ooru pẹ́ sí i bí ó bá lè fún òun ní ohun kékeré kan tí ó wà nínú àpò Dipper. Ó fún un. Ayé sì dàrú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń bú ọmọbìnrin yìí pé anìkànjọpọ́n ni, pé Dipper nìkan ni í máa ń fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìkejì.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì. Òtítọ́ ni pé Dipper ti fi ohun tí ó wù ú sílẹ̀ nítorí Mabel ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú apá tí wọ́n padà sí ìgbà tí ó ti kọjá, ó jọ̀wọ́ ojúrere ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn kí Mabel má bàa pàdánù ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé Mabel a máa gbàgbé arákùnrin rẹ̀ nígbà tí ohun tuntun bá gba ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá Sock Opera, Dipper fúnra rẹ̀ bá Bill da májẹ̀mú, ó sì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ dájúdájú. Ó pàdánù ara rẹ̀ fún un, Mabel ni ó sì ba eré tí ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe jẹ́ lójú gbogbo ìlú kí ó lè gbà á là. Ní ti Mabel, kò mọ̀ pé Bill ni, kò sì mọ ohun tí ó fà lé e lọ́wọ́. Èé ṣe tí kò fi mọ̀? Nítorí pé Stanford ti pàṣẹ fún Dipper pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbà kan tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn fi àṣírí ewu sínú ilé, ó sì sé ẹnu ọmọ mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí ẹ̀bi náà tọ́ sí, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó jọ wá lójú pé àwọn tí ó bú Mabel tú gbogbo àrokò eré náà láìṣẹ́ ọ̀kan kù, ṣùgbọ́n wọn kò ka ìwé tí ó rọrùn jù níbẹ̀, èyí tí í ṣe ọkàn ọmọ ọlọ́dún 12 tí ẹ̀rù ìyapa ń bà.

A kò fẹ́ kí a rò pé iṣẹ́ yìí kò ní àbùkù. Nínú apá ìkẹyìn, Stan wọ aṣọ ìkejì rẹ̀, ó tan Bill wọ inú ọkàn rẹ̀, ó sì jẹ́ kí a fi ìbọn tí ń pa ìrántí rẹ́ pa gbogbo ohun tí ó mọ̀ rẹ́ kí ọ̀tá náà lè bá a parun. Bàbá náà jí, kò sì mọ àwọn ọmọ náà mọ́. Ibi yìí ga púpọ̀: ọ̀gá onírọ́ fi irọ́ ìkẹyìn gba ayé là, ó sì fi ara rẹ̀ san gbèsè. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ Mabel gbé ìwé àwòrán ìrántí rẹ̀ wá, ẹlẹ́dẹ̀ fò mọ́ bàbá náà lára, ìrántí sì bẹ̀rẹ̀ sí padà. Àwọn òǹwòran kan wí pé ó yá jù, a sì gbà pẹ̀lú wọn ní apá kan. Ohun èlò náà tọ́, nítorí láti ìgbà pípẹ́ ni Mabel ti ń lẹ àwòrán mọ́ ìwé yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Ó dára pé ìwé ọmọ aláwàdà ni ó wo ohun tí ìwé ọlọ́gbọ́n kò lè wò sàn. Ṣùgbọ́n a kò fún ìbànújẹ́ náà ní àyè tó láti jókòó. Gbèsè tí a dá padà lójú ẹsẹ̀ kò jọ gbèsè mọ́.

Nígbà tí eré náà parí, àwọn òǹwòran kò fẹ́ túká. Hirsch ti kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 pé òun fúnra òun ni ó yàn láti parí rẹ̀, nítorí ìgbà ooru kan ní láti ní òpin. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2016 ó fi ìwádìí kan lọ̀ wọ́n, kì í ṣe lórí àwòrán mọ́ bí kò ṣe lórí ilẹ̀. Àmì kìíní wà ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Òmíràn wà ní Tokyo. Àwọn mìíràn wà ní oríṣiríṣi ìlú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó wà ní ìlú kan a wá tirẹ̀, a sì fi ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n rí ère Bill nínú igbó ní Reedsport, Oregon, tí ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bọ ènìyàn lọ́wọ́. Kò sí wúrà lábẹ́ rẹ̀ tí ó lè sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀. Àwọn tí kò mọra rí, tí èdè wọn kò sì dọ́gba, ni ó jùmọ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀ ni eré tí ìwé inú rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni parí pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá ṣe.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà? Púpọ̀ ni. Nígbà tí a bá ka ìtàn fún ọmọ, a máa ń bẹ̀rù kí ó má bàa mọ òpin rẹ̀, a sì máa ń pa á lẹ́nu mọ́ bí ó bá ń méfò. Kí ẹ jẹ́ kí ó méfò. Kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí i nínú ìwé, nítorí ẹni tí ó ń wá ẹ̀rí kì í ka ìwé ní àkàfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti rí i tán, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rò pé iṣẹ́ parí. Kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè kejì, èyí tí kò sí nínú àrokò kankan: bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ó wà lórí bọ́tìnì náà, tí ọmọ ìyá rẹ ń kígbe lápá kan, tí àgbà tí ó tọ́jú rẹ ń bẹ̀ ọ́ lápá kejì, kí ni ìwọ ìbá ṣe?